Nọ́mbà àkóràn ilé-ìwòsàn: ta ló ń yẹ ẹni tó ń kà á wò?

Aṣọ́wọ́ọ̀dù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ̀ka ìdènà àkóràn ni mo sì wà. Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ láti wọ́ọ̀dù dé wọ́ọ̀dù. Mò ń ka fáìlì, mò ń wo èsì láàbù, mo sì ń bi àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ léèrè, kí n lè mọ aláìsàn tó kó àkóràn lẹ́yìn tó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Bí oṣù bá parí, a ó ka iye wọn, a ó sì fi í ránṣẹ́.

Ohun tó gbé mi wá síbí rèé. Wọ́n to àwọn ilé-ìwòsàn mélòó kan tẹ̀ léra lórí àkóràn ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ara central line wá, ìyẹn rọ́bà tí wọ́n ń tì bọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó súnmọ́ ọkàn. Nọ́mbà tiwa ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ga jù. Àwọn ọ̀gá ti fajúro, wọ́n ní ká wá ṣàlàyé ohun tí a ń ṣe tí kò dáa. Mo mọ bí a ṣe ń wá àkóràn wọ̀nyí kíkankíkan. Èmi ò mọ bí àwọn yòókù ṣe ń wá tiwọn. Ṣé ọ̀nà kan wà tí èèyàn lè gbà wọn bí ìtọpinpin àkóràn ṣe péye tó, kí wọ́n tó fi nọ́mbà ẹnì kan wé ti ẹlòmíràn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an, nítorí pé bí wọ́n bá fìyà jẹ ẹni tó ń wá nǹkan, kò ní pẹ́ tí kò fi ní wá a mọ́.

Oníṣirò_Ìlera

Ẹ kú làálàá, ẹ̀gbọ́n. Ìbéèrè yín ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi kí wọ́n tó to ẹnikẹ́ni tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́mbà sọ ọ́. Ká ní ilé-ìwòsàn kan wà tí àkóràn 4 tòótọ́ ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ nínú ọjọ́ rọ́bà 1,000. Aláìsàn kan tó lo rọ́bà fún ọjọ́ kan ni à ń pè ní ọjọ́ rọ́bà kan. Ìdajì péré ni àwọn tó ń kà á níbẹ̀ ń rí, nítorí náà 2 ni wọ́n á kọ. Ilé-ìwòsàn kejì ní 3, ṣùgbọ́n wọ́n ń rí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, nítorí náà 2.7 ni wọ́n á kọ. Ẹni tó bá wo ìwé á ní ti àkọ́kọ́ sàn jù. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni àkóràn ti ń ṣe àwọn aláìsàn léṣe jù, àwọn tó ń kà á ni kò rí i.

Ohun mẹ́ta ni ẹ máa wọ̀n. Sensitivity ń bi wá pé, nínú gbogbo ẹni tó ní àkóràn lóòótọ́, ìdá mélòó la rí? Specificity ń bi wá pé, nínú àwọn tí kò ní in, ìdá mélòó la fi sílẹ̀ láìkà wọ́n mọ́ ọn? PPV ní tiẹ̀ ń bi wá pé, nínú àwọn tí a kọ sílẹ̀ pé wọ́n ní in, ìdá mélòó ló ní in ní tòótọ́? Ẹ ò lè rí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti inú ìwé tí ẹ ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù. Ó di dandan kí ẹlòmíràn padà lọ ka fáìlì, títí kan fáìlì àwọn tí ẹ ò kọ orúkọ wọn rárá.

Wọ́n ti ṣe é rí. CDC, àjọ ìdènà àrùn ti Amẹ́ríkà, yẹ ètò ìtọpinpin àkóràn wọn tó ń jẹ́ NNIS wò ní ilé-ìwòsàn mẹ́sàn-án, lọ́dọ̀ àwọn aláìsàn ICU, ìyẹn yàrá ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, èsì rẹ̀ sì jáde ní 1998. Àkóràn ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n rí jù, wọ́n rí 85% rẹ̀. Nìmóníà jẹ́ 68%, àkóràn ojú iṣẹ́ abẹ 67%, ti ọ̀nà ìtọ̀ sì jẹ́ 59%. Ṣùgbọ́n specificity lé ní 97% lórí gbogbo rẹ̀. Ìyẹn ni pé àwọn tó ń kà á kì í sábà purọ́ mọ́ ẹni tára rẹ̀ le. Àwọn tí wọ́n fo dá ló pọ̀. Ẹ sì rántí pé àwọn ilé-ìwòsàn tó ti wà nínú ètò náà, tí wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ yìí, la ń sọ yìí o.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọdún_Kẹta

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin àgbà. Ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Kí ló dé tí a ò kàn lè ka gbogbo ibi tí olùkà ti gbà á, yálà ó sọ pé àkóràn wà tàbí kò sí, ká pín in pẹ̀lú iye aláìsàn, ká sì pe ìyẹn ní ìpéye? Ọ̀nà yẹn ni mo rí nínú ìwé wa.

Oníṣirò_Ìlera

Àbúrò, ó ṣeun tí o béèrè. Wo bí ó ṣe ń tan èèyàn jẹ. Ká ní aláìsàn 1,000 wà, 50 nínú wọn ló ní àkóràn. Olùkà kan wà tí kì í kúrò lórí àga rẹ̀, tí kò ṣí fáìlì kankan, tó kàn kọ "kò sí" fún gbogbo wọn. Ó gba 950 nínú 1,000. Ìpéye rẹ̀ jẹ́ 95%, kò sì rí ẹnì kan ṣoṣo. Níbi tí àkóràn bá ti ṣọ̀wọ́n, ìpéye àpapọ̀ kò sọ nǹkan kan fún wa.

Ohun mìíràn tún wà tó yẹ kí o mú dání láti ibẹ̀. Mú aláìsàn 1,000 kan náà. Jẹ́ kí sensitivity jẹ́ 80%, kí specificity jẹ́ 98%. Wọ́n á rí 40 nínú 50. Nínú 950 tí kò ní in, wọ́n á ṣèèṣì ka 19 mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n á fi ránṣẹ́ jẹ́ 59, PPV sì jẹ́ nǹkan bí 68%. Wàyí o, gbé olùkà yẹn kan náà lọ sí wọ́ọ̀dù tí àkóràn kò ti ju 10 lọ nínú 1,000. Á rí 8, á sì ṣèèṣì ka nǹkan bí 20 mọ́ ọn. PPV rẹ̀ á já wálẹ̀ sí nǹkan bí 29%. Olùkà kò yí padà, ọgbọ́n rẹ̀ kò dínkù, iye àkóràn tó wà nílẹ̀ ló yí i padà. Bí ìdènà bá ti ń ṣiṣẹ́ tó ni àṣìkà á máa gba ààyè tó pọ̀ sí i nínú nọ́mbà yín. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi lè yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò lẹ́ẹ̀kan kí ẹ sì gbàgbé rẹ̀.

Ojú_Láàbù

Ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i láti ọ̀dọ̀ tiwa.

Àkóràn ẹ̀jẹ̀ tí wọn ò fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí láàbù kò lè wọ ìwé ẹnikẹ́ni. Níbi tí dókítà bá ti ń bẹ̀rẹ̀ antibáyótíìkì láìfa ẹ̀jẹ̀, tàbí tó jẹ́ pé ìgbà tí oògùn ti wọ ara tán ni wọ́n tó fà á, kòkòrò lè má hù mọ́. Aláìsàn náà ní àkóràn, ẹ̀rí ni kò sí. Nítorí náà, kí n tó fi ilé-ìwòsàn méjì wéra, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi ni pé: blood culture mélòó, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ tí a ń fi sínú igo láti wò bóyá kòkòrò máa hù, ni ẹ̀ ń fà nínú ọjọ́ ibùsùn 1,000? Bí ti ọ̀kan bá jẹ́ ìdajì ti èkejì, ẹ má tíì fi àkóràn wọn wéra.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Ẹ wo ohun tí a máa ń rí. Igo méjì wọlé láti ọ̀dọ̀ aláìsàn kan. Ọ̀kan hù lọ́jọ́ kejì, èkejì kò hù rárá. Nígbà tí a wo ohun tó hù, Staphylococcus epidermidis ni, ọ̀kan lára àwọn tó ń gbé orí awọ ara gbogbo èèyàn. Ṣé inú ẹ̀jẹ̀ ló ti wá ni, àbí abẹ́rẹ́ ló gbé e láti orí awọ wọnú igo? Òfin NHSN, ètò tó rọ́pò NNIS ní Amẹ́ríkà, ní irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà ní ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí aláìsàn sì ní àmì bí ara gbígbóná, gbígbọ̀n òtútù tàbí kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ń fa igo kan ṣoṣo, wọn ò lè dé ojú òṣùwọ̀n yẹn láéláé. Ibi tí olùkà kò bá sì tẹ̀ lé òfin náà, gbogbo ìdọ̀tí orí awọ ló máa di àkóràn.

Ìtọ̀ tiẹ̀ tún le jù. Ẹni tí rọ́bà ìtọ̀ bá ti wà lára rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kòkòrò máa ń wà nínú ìtọ̀ rẹ̀ láìṣe é ní nǹkan kan. Ó kéré tán, òfin fẹ́ kòkòrò 100,000 nínú mílílítà ìtọ̀ kan, pẹ̀lú àmì àìsàn. Láti January 2015 ni NHSN kò ti ka Candida, irú kòkòrò olú kan, mọ́ àkóràn ìtọ̀ tó ti ara rọ́bà wá. Ẹni tó bá fi nọ́mbà 2014 wé ti 2016 láìrántí èyí, á rò pé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ ńlá.

Dókítà_Abẹ

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè, mo sì fẹ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn àwa tó ń ṣiṣẹ́ abẹ. Ẹ̀yin ẹ̀ka ìdènà àkóràn a máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé aláìsàn mi ní àkóràn, nígbà tí èmi tí mo ń tọ́jú rẹ̀ mọ̀ pé kò ní. Nígbà mìíràn, èmi ń tọ́jú àkóràn, ẹ̀yin ní kò wọ inú òfin yín. Bí a ò bá fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tó ń jẹ́ àkóràn, kí là ń wọ̀n? Pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀, ó ń dà bíi pé àsìkò tó yẹ ká fi dènà àkóràn la fi ń kà á.

Aṣọ́wọ́ọ̀dù

Ẹ ṣeun, Dókítà. Inú mi dùn pé ẹ sọ ọ́ síta, torí ohun tí wọ́n ń sọ fún wa ní wọ́ọ̀dù náà nìyẹn.

Ohun tí ẹ̀ ń ṣe lẹ́bàá ibùsùn yàtọ̀ sí ohun tí àwa ń ṣe. Ẹ̀yin ń wo ẹnì kan ṣoṣo, ẹ sì gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ bí iyèméjì bá tilẹ̀ wà. Àwa nílò òfin kan tí yóò jẹ́ bákan náà lónìí àti lọ́dún tó ń bọ̀, lọ́dọ̀ yín àti lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, bí kò tilẹ̀ bá ojú ìtọ́jú mu nígbà gbogbo. Ẹni tí òfin wa yọ sílẹ̀ kò túmọ̀ sí pé kí ẹ má fún un lóògùn. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹnikẹ́ni má yí òfin náà padà lẹ́yìn tí ó ti rí orúkọ aláìsàn àti orúkọ dókítà rẹ̀.

Ní ti àsìkò, SENIC, ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lórí ìdènà àkóràn ilé-ìwòsàn, ti dáhùn ìyẹn tipẹ́. Èsì rẹ̀ jáde ní 1985: àwọn ilé-ìwòsàn tó so ìtọpinpin pọ̀ mọ́ ìdènà tó múná, tí wọ́n sì ń dá èsì padà fún àwọn oníṣẹ́ abẹ, dín àkóràn kù ní nǹkan bí 32%. Kíkà á jẹ́ ara dídènà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kíkà tó péye ni o.

Oníṣirò_Ìlera

Ohun tí Dókítà sọ kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn o. Òfin tó bá fi ààyè sílẹ̀ fún èrò ọkàn á fún wa ní nọ́mbà tó ń yí bí èrò ṣe ń yí. Nìmóníà àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ amúnimí jẹ́ àpẹẹrẹ. Àwòrán àyà wà nínú òfin rẹ̀ tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ dókítà méjì lè wo àwòrán kan náà kí wọ́n rí nǹkan méjì. Ní January 2013, NHSN gbé òfin tuntun kalẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà tó wà lórí ẹ̀rọ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń kọ: ṣé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí aláìsàn nílò tún lọ sókè lẹ́yìn tí ara rẹ̀ ti balẹ̀ fún ọjọ́ méjì? Èèyàn méjì kò lè jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tí wọ́n pàdánù níbẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí òfin tuntun náà mú ló ní nìmóníà. Wọ́n gba èyí, wọ́n sì fi í ra ìṣọ̀kan. Mo gbà pé ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọdún_Kẹta

Ṣé kappa ni wọ́n fi ń wọn ìṣọ̀kan olùkà méjì? Mo rò pé bí wọ́n bá ti fohùn ṣọ̀kan lórí 90 nínú 100, ó ti tó.

Oníṣirò_Ìlera

Kappa ni, òṣùwọ̀n tó ń yọ ìfohùnṣọ̀kan tó kàn ṣèèṣì wáyé kúrò: 1 ni pé wọ́n ṣọ̀kan pátápátá, 0 ni pé kò ju ti èèṣì lọ. Ká ní fáìlì 100 wà: àwọn méjèèjì ní "bẹ́ẹ̀ ni" lórí 2, wọ́n ní "rárá" lórí 88, wọ́n yapa lórí 10, márùn-ún ní apá kìíní, márùn-ún ní apá kejì. Ìfohùnṣọ̀kan jẹ́ 90% lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nítorí pé "rárá" ni wọ́n ń sọ jù, bí wọ́n tilẹ̀ ń di ojú sọ ọ́, wọ́n á bá ara wọn dọ́gba lórí nǹkan bí 87. Kappa wọn jẹ́ 0.23, kò dára rárá. Wo ibi tí àkóràn wà: nínú 12 tí ọ̀kan lára wọn rí i, 2 péré ni wọ́n ti jọ rí i.

Aṣọ́wọ́ọ̀dù

Ọ̀rọ̀ ń yé mi sí i. Ohun tó wá ń dà mí láàmú ni ẹni tó máa ṣe adájọ́. Ẹ ní kí ẹlòmíràn padà wá ka fáìlì. Ta ló yẹ òun náà wò?

Oníṣirò_Ìlera

Wọ́n ti bi ìyẹn rí, wọ́n sì wọ̀n ọ́n. Nígbà tí wọ́n ń múra SENIC sílẹ̀, wọ́n dán àwọn tó ń ka fáìlì padà wò ní àwọn ilé-ìwòsàn ìdánwò. Èsì tó jáde ní 1980 fi hàn pé sensitivity wọn jẹ́ 74%, specificity sì jẹ́ 96%. Ìyẹn àwọn tí wọ́n dìídì kọ́ fún iṣẹ́ náà! Adájọ́ náà ń fo àwọn kan dá. Nítorí náà ẹ má ṣe lo olùkà kan ṣoṣo. Kí èèyàn méjì ka fáìlì kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n má mọ ohun tí ẹ ti kọ tẹ́lẹ̀, kí ẹnì kẹta dá sí ibi tí wọ́n bá ti yapa.

Ojú_Láàbù

Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún èyí. Ohun tí adájọ́ bá kà ló ń pinnu ohun tó máa rí. Mo ti bá wọn jókòó ti fáìlì iṣẹ́ abẹ ikùn kan rí. Ìwé dókítà kò sọ ju "ara aláìsàn ń yá" lọ ní ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Èsì láàbù kò sí, torí wọn ò fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí wa. Ṣùgbọ́n nínú ìwé àwọn nọ́ọ̀sì alẹ́, ẹnì kan ti kọ ọ́ pé aṣọ tí wọ́n fi di ojú ọgbẹ́ ti rin, ọyún ló ń jáde, òun pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní ọjọ́ kejì, ìwé oògùn fi hàn pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ antibáyótíìkì tuntun, láìsí ìdí kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọyún láti ojú iṣẹ́ abẹ ti tó lábẹ́ òfin. Ẹni tó bá ka ìwé dókítà àti èsì láàbù nìkan á kọ "kò sí".

Alákòóso_Dátà

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ nípa iye àkóràn, ẹ ò tíì sọ nǹkan kan nípa ohun tí ẹ fi ń pín in.

Ọjọ́ rọ́bà yẹn, ta ló ń kà á? Ohun tó yẹ ni pé kí ẹnì kan lọ káàkiri wọ́ọ̀dù ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, kó ka aláìsàn tí rọ́bà wà lára rẹ̀. Ẹni tó ní rọ́bà méjì lára, ọ̀kan ni a ó kà. Ní òpin ọ̀sẹ̀, tí ẹni tó ń kà á bá lọ sílé, àwọn kan á kọ nọ́mbà ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè. Bí kíkà bá fo ọjọ́ rọ́bà dá, òṣùwọ̀n àkóràn yín á lọ sókè láìsí àkóràn kankan tó lé. Bí ẹ bá sì ka rọ́bà dípò aláìsàn, á lọ sílẹ̀.

Àwọn tó ti gbé e lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ náà kò bọ́ nínú ewu. NHSN ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi kíkà kọ̀ǹpútà wé kíkà ọwọ́ fún oṣù mẹ́ta, ó kéré tán, kí ìyàtọ̀ wọn má sì ju 5% lọ, kí wọ́n tó jáwọ́ nínú kíkà ọwọ́. Ẹ̀gbọ́n Aṣọ́wọ́ọ̀dù, kí ẹ tó lọ bá àwọn ọ̀gá yín, ẹ kọ́kọ́ yẹ apá ibí yìí wò. Òun ló yá jù láti yẹ̀ wò.

Dókítà_Abẹ

Bí kọ̀ǹpútà bá lè ka ọjọ́ rọ́bà, kí ló dé tí kò lè ka àkóràn náà, ká bọ́ lọ́wọ́ àríyànjiyàn?

Alákòóso_Dátà

Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ sà, ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ sì bá ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò yìí mu pátápátá. Ìwádìí kan jáde nínú JAMA, ìwé ìròyìn ìṣègùn kan ní Amẹ́ríkà, ní 2010. Wọ́n mú ICU 20 ní ilé-ìwòsàn ńlá mẹ́rin, wọ́n fi nọ́mbà àkóràn ẹ̀jẹ̀ tí àwọn olùtọpinpin kà wé èyí tí ìlànà kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo kà fún gbogbo wọn. Ilé-ìwòsàn tí nọ́mbà rẹ̀ kéré jù lọ́wọ́ àwọn olùkà, 2.4 nínú ọjọ́ rọ́bà 1,000, òun gan-an ni nọ́mbà rẹ̀ ga jù lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà: 12.6. Ẹni tó ń ṣe ipò kìíní di ẹni ìkẹyìn.

N kò sọ pé kọ̀ǹpútà ló tọ̀nà. Ó lè ka àkóràn tó ti inú ikùn tàbí ẹ̀dọ̀fóró bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ mọ́ ti rọ́bà, torí kò lè ka ìwé nọ́ọ̀sì bí Ojú_Láàbù ṣe kà á. Ohun tó dára jù lójú mi ni kí kọ̀ǹpútà ṣa àwọn fáìlì tó yẹ kí èèyàn wò: ẹni tí kòkòrò hù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹni tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn tuntun fún, ẹni tí wọ́n padà gbé lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Kí èèyàn wá dájọ́. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í dójú ti ẹnikẹ́ni, kì í sì í wo ojú ọ̀gá. Ìyẹn ló ṣe wúlò.

Aṣọ́wọ́ọ̀dù

Ẹ̀yin ará, mo dúpẹ́. Mo ti ń to ètò sórí ìwé. Fáìlì 1,000 ló wà fún àsìkò tí mo fẹ́ yẹ̀ wò, 60 nínú rẹ̀ ni a kọ pé wọ́n ní àkóràn. A ò lè ka gbogbo rẹ̀. Mo fẹ́ ka 60 yẹn tán, kí n sì mú díẹ̀ nínú 940 tó kù. Ṣé ó tọ̀nà?

Oníṣirò_Ìlera

Ó tọ̀nà, ṣùgbọ́n ìṣirò ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, nítorí náà ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Ká ní ẹ ka 60, ẹ rí i pé 48 jẹ́ òótọ́, 12 jẹ́ àṣìkà. Ẹ wá mú ọ̀kan nínú mẹ́wàá láti inú 940, ìyẹn 94, ẹ sì rí 2 tí ẹ fo dá. Ẹni tó ń kánjú á ní: 48 nínú 50, sensitivity wa jẹ́ 96%! Inú ọ̀gá á dùn. Irọ́ ni. Fáìlì kọ̀ọ̀kan nínú 94 yẹn dúró fún mẹ́wàá. 2 tí ẹ rí dúró fún 20. Àkóràn tòótọ́ jẹ́ nǹkan bí 68, 48 lẹ rí nínú rẹ̀, sensitivity yín sì jẹ́ nǹkan bí 71%.

Ẹ wo nǹkan mìíràn níbẹ̀. Ẹ fi 60 ránṣẹ́, òótọ́ ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 68. Ẹni tó bá wo àpapọ̀ nìkan á ní ẹ kò jìnnà sí i. Bẹ́ẹ̀ ẹ ka 12 tí kì í ṣe àkóràn, ẹ sì fo 20 tó jẹ́ àkóràn. Àṣìṣe méjèèjì ló ń bo ara wọn. Aláìsàn 20 yẹn kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni ò sì ní béèrè ohun tó fa tiwọn.

Ìṣòro tó kù ni pé 2 kéré jù. Bí ẹ bá mú fáìlì 94 mìíràn, ó lè jẹ́ 0, ó lè jẹ́ 5, gbogbo ìṣirò á sì yí padà. Nítorí náà, ẹ pín 940 yẹn sí méjì kí ẹ tó mú nǹkan kan. Àwọn tó ní àmì tí Alákòóso_Dátà kà sílẹ̀, ẹ ka gbogbo wọn. Àwọn tí kò ní àmì kankan ni kí ẹ mú díẹ̀ nínú wọn. Ibi tí àwọn tí ẹ fo dá pọ̀ sí jù ni ẹ ti máa kà jù, àṣìmọ̀ yín á sì dínkù gan-an.

Ẹ má sì gbé nọ́mbà kan ṣoṣo lọ síwájú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó rí 14 nínú 20, 70% ni, ṣùgbọ́n òótọ́ rẹ̀ lè wà níbikíbi láàárín nǹkan bí 48% sí 85%. Kí ìyẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ìwé.

Dókítà_Abẹ

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún ètò yẹn, torí inú iṣẹ́ tiwa ló wà. Bí ẹ bá dáwọ́ fáìlì dúró lọ́jọ́ tí aláìsàn lọ sílé, ẹ ò ní rí ọ̀pọ̀ àkóràn ojú iṣẹ́ abẹ. Aláìsàn kì í pẹ́ lọ́dọ̀ wa mọ́, ilé ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọyún. Òfin ní ká ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 30, tàbí 90 fún àwọn iṣẹ́ abẹ kan, irú bí ìpààrọ̀ oríkèé ìbàdí àti ti orúnkún. Ẹ wo ìwé ilé ìtọ́jú àwọn tó ń padà wá fún àyẹ̀wò, kí ẹ sì wo àwọn tí wọ́n tún dá dúró. Ẹ tún ka ohun tí a kọ nígbà tí a tún ojú ọgbẹ́ ṣí. Èmi yóò bá àwọn oníṣẹ́ abẹ tó kù sọ̀rọ̀ pé kí a máa kọ ọyún sílẹ̀ bí a bá rí ọyún, ká má kọ "ọgbẹ́ ń jinná díẹ̀díẹ̀".

Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi pé òfin yín máa ń yọ àwọn kan tí mò ń tọ́jú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń yọ wọ́n bákan náà níbi gbogbo, mo lè fara mọ́ ọn.

Aṣọ́wọ́ọ̀dù

Ẹ ṣé gan-an, Dókítà. Ìyẹn nìkan ti tó ìdí tí mo fi kọ ọ́ síbí.

Ohun tí mo máa bá àwọn ọ̀gá sọ rèé. N ò ní gbèjà nọ́mbà wa. N ó béèrè pé kí àwọn ilé-ìwòsàn tó wà nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà jọ ṣe àyẹ̀wò kan náà: olùkà láti ìta, fáìlì tí a kọ àti èyí tí a ò kọ, iye blood culture lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye àkóràn. Bí ó bá hàn pé àkóràn wa ló pọ̀ lóòótọ́, a ó mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé kí n sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù pé àyẹ̀wò ń bọ̀?

Oníṣirò_Ìlera

Ẹ sọ fún wọn, ẹ má fi pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ mú fáìlì láti oṣù tó ti kọjá, tí ẹnikẹ́ni ò lè fi ọwọ́ kàn mọ́. Kí orúkọ wọ́ọ̀dù àti ti dókítà má hàn sí àwọn adájọ́. Ẹ da àwọn 60 pọ̀ mọ́ àwọn tó kù kí ẹ tó gbé e fún wọn, kí wọ́n má lè mọ èyí tí ẹ ti kọ. Bí ẹ bá ṣe tábìlì rẹ̀ tán, ẹ fi òǹkà rẹ̀ síbí láìsí orúkọ aláìsàn kankan, n ó bá yín ṣe ìṣirò rẹ̀.